Kásẹ́ẹ̀tì Télọ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìjókòó. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Èmi náà wà, mò ń rọ́jú, òtútù ibí kò tíì pa mí. Mo mọ̀ pé ẹ ó ti máa wò ó pé kí ló ṣe ọmọ yìí tí kò kọ̀wé láti ìgbà tí ọdún ti yí. Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló gbà mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n mo mú ìròyìn tí mo lè fi bẹ̀ yín wá lónìí.

Ẹ rántí ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà tí mo sọ fún yín, níbi tí mo ti ń bá wọn tan ẹ̀rọ láràárọ̀ tí mo sì ń pa wọ́n nírọ̀lẹ́. Wọ́n ti gba iṣẹ́ èmi fúnra mi láti pàtẹ níbẹ̀! Kì í ṣe àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn o, kì í sì í ṣe ère. Yàrá òkùnkùn kan ni. Èèyàn á wọlé, kò ní rí nǹkankan àfi ojú ẹ̀rọ mẹ́fà lára ògiri, tí iná wọn ń ru sókè tó tún ń lọ sílẹ̀ bí ohùn inú yàrá náà bá ṣe ń ròkè tàbí tó ń rẹlẹ̀. Kọ̀mpútà kan ló ń yan gbólóhùn tí èèyàn máa gbọ́. Ó ń pa wọ́n pọ̀ lónírúurú, tó fi jẹ́ pé ẹni tó wọlé láàárọ̀ kò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wọlé lọ́sàn-án máa gbọ́. Ọ̀gá wa, obìnrin tó ń yan iṣẹ́ tí wọ́n máa pàtẹ tó sì ń pinnu ibi tí kálukú wọn máa wà, ní òun kò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Bàbá, ohùn Màmá ni.

Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí Màmá máa ń sọ̀rọ̀ sí, tí ẹ máa ń dì ránṣẹ́ sí mi, àwọn ni mo lò. Mo ti kó gbogbo wọn sínú kọ̀mpútà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó ní rárá, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Ìwé kan wà nínú àpò ìwé yìí. Ìwé àṣẹ ni. Òfin ilé yìí ni pé wọn kì í pàtẹ ohùn ẹni tó ti kú àfi tí ẹbí ẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin lọkọ, ọwọ́ yín ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ padà kó tó di ìparí oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹrin ni wọ́n máa ṣí ìpàtẹ náà. Tí ìwé yìí kò bá dé, wọ́n á kó ẹ̀rọ mi kúrò nínú yàrá, wọ́n á kó ti ẹlòmíràn wọlé.

Fóònù tí mo rà fún yín ńkọ́? Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rin ránṣẹ́ síbẹ̀, kò sí èsì. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò.

Èmi ni ọmọ yín,
Alátẹnumọ́


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Alátẹnumọ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo dúpẹ́ pé o wà láàyè, mo ti ń rò ó pé bóyá ìka ọwọ́ rẹ ti gé. Orúnkún mi kò fúyẹ́. Ní ti etí, o mọ̀ pé ó ti parí pátápátá láti ọjọ́ pípẹ́. Ààrá sán lẹ́yìnkùlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, igi ya, mi ò mọ̀, àfi ìgbà tí mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sáré. Ṣùgbọ́n ojú mi ṣì mú, ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Mo ṣì ń tún rédíò ṣe.

Ní ti fóònù, mo tú u. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Mo rí i pé kò sí ibi tí ẹni tó mọṣẹ́ lè tọwọ́ bọ̀ níbẹ̀, mo bá dé e padà. Láti ìgbà náà kò tàn mọ́. Máa kọ lẹ́tà.

Mo ka ìwé àṣẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n gbà pé mo mọ ohun tó wà nínú ohùn náà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ṣebí o mọ bí àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn ṣe ń wáyé. Tí mo bá tún rẹ́kọ́dà oníbàárà ṣe tán, ìyá rẹ ni etí mi. Màá ní kó sọ̀rọ̀ sí i. Màá dá kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn, màá tẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ jáde, màá gbé orí ìka lé sípíkà kí n mọ̀ pé ó ń mì, ìyá rẹ á sì fi ojú sọ fún mi bóyá ohùn náà mọ́ tàbí ó ń hó. Ó ní dípò kí òun máa ka ení, èjì, ẹ̀ta bí ọmọ iléèwé, òun á kúkú máa bá ọmọ òun sọ̀rọ̀, nígbà tí òun kò ti mọ̀wé kọ. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá kún, a ó dì í ránṣẹ́ sí ẹ. Gbogbo ohun tó sọ fún ẹ ló gba abẹ́ ìka mi kọjá. Mi ò gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Mi ò bi í rí. Mo ní ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o ti wá fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí máa wọlé wá gbọ́ ọ, ó dà bíi pé ó kàn mí báyìí. Kọ ohun tó ń sọ síwèé fún mi. Gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà màá fọwọ́ sí i.

O ò sì bi mí kí o tó ṣe é. Mo rí ibi tí o ti bẹ̀bẹ̀, mo kà á dáadáa. Ó dùn mí síbẹ̀.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìnira etí. Mo rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ fóònù títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò burú, lẹ́tà náà dáa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí pẹ́. Wákàtí mẹ́jọ àti ààbọ̀ ni ohùn Màmá lápapọ̀. Tí mo bá ní kí n kọ gbogbo ẹ̀ síwèé, wọ́n á ti ṣí ìpàtẹ, wọ́n á ti pa á dé. Kò sí ohun ìtìjú kan níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè wa níbí, ìró ohùn Màmá nìkan ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ díẹ̀ fún yín.

Lórí kásẹ́ẹ̀tì kejì ó ní: “Alátẹnumọ́, ṣé o jẹun? Má purọ́ fún mi o, mò ń gbọ́ ẹ láti ibí.” Lórí ìkẹrin ó ní: “Bàbá ẹ nìyí, tí mo bá sọ ọ́ tán, á gbé ìka lé e bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń yìn ín. Onírédíò, ẹ ò lẹ́wà lónìí rárá o! Wò ó, ó tún rẹ́rìn-ín.” Lórí ìkeje ó bú yín fún odidi ẹ̀gbẹ́ kan nítorí àga tí ẹ tú láti fi pákó ẹ̀ ṣe àpótí rédíò. Ó ní òun dúró jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, Bàbá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tan ẹ̀rọ fún iṣẹ́ ọnà àwọn ẹlòmíràn. Màá nu ojú ẹ̀rọ wọn, màá tún okùn wọn so, àwọn èèyàn á wọlé, wọn ò ní rí mi. Ìgbà kan ṣoṣo rèé tí orúkọ tèmi máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ ń béèrè ìwé lọ́wọ́ mi bí ẹni pé olè ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Alátẹnumọ́


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo ti fọwọ́ sí i. Òun ló wà nínú àpò ìwé yìí. Mi ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ yẹn, mo kà á títí ìwé fẹ́ẹ̀ ya. Ó ní mi ò lẹ́wà! Mo sì rántí ọjọ́ náà gan-an, aṣọ aláwọ̀ ewé ló wọ̀. Mo rò pé ó ń sọ fún ẹ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ àga náà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni, kì í ṣe mẹ́ta.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ bi ẹ́. Mi ò bi ẹ́ láti ọdún mẹ́fà nítorí ẹ̀rù ń bà mí, kì í ṣe nítorí mo gbàgbé. Kásẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, èyí tí mo dì mọ́ lẹ́tà ìsìnkú. Rẹ́kọ́dà tí télọ̀ kan gbé wá fún àtúnṣe ni ìyá rẹ ń dán wò lọ́jọ́ náà. Mo kẹ̀yìn sí i, mò ń fi òòlù na irin ìdí rédíò kan tó ti tẹ̀. Ìgbà tí mo tán iṣẹ́ tí mo yíjú padà, ó ti dojú bolẹ̀ lórí tábìlì, kásẹ́ẹ̀tì sì ti yí dé òpin. Dókítà sọ fún mi pé iṣan inú orí ló já. Ó kọ ọ́ síwèé nítorí pé mi ò gbọ́ràn, ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi: ó ní lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò lè ríbi pè mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ń sùn láti ìgbà náà wá. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ẹ̀rọ, mi ò fẹ́ kó wà nílé, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ.

Ṣé o gbọ́ ọ? Ṣé ó pè mí? Mo mọ̀ pé tó bá tiẹ̀ pè mí, etí mi ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni kí o sọ. Má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìwé yín dé lọ́jọ́ kẹfà, ọ̀la ẹ̀ ni wọ́n jẹ́ kí n wọlé lọ parí iṣẹ́.

Kí n kọ́kọ́ dá yín lóhùn. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò pè yín. Mo ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì télọ̀ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, mo lè fi ohunkóhun búra fún yín. Ó kí mi, ó ní rẹ́kọ́dà télọ̀ ti dáa, ó ní kí òun fi kíkà parí ẹ̀. Ó ka ení, èjì, títí dé mọ́kàndínlógún, ó wá dákẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn ìyẹn. Kò sunkún, kò pariwo. Dókítà sọ òótọ́ fún yín.

Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má fi nǹkan kún un, ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀ lé e dùn mọ́ mi débi pé mi ò lè fi í pamọ́. Lẹ́yìn tó dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu tábìlì. Méjì méjì ló ń lù ú. Pẹ́pẹ́. Á sinmi. Pẹ́pẹ́. Òòlù yín náà ń dún lẹ́yìn. Ó ń bá yín ṣeré, Bàbá! Ó ń fi tirẹ̀ sí àárín tiyín. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ṣe é, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku òòlù yín nìkan. Báyìí ló ṣe lọ. Ara ẹ̀ balẹ̀, eré ló ń ṣe.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀gá wa fẹ́ràn jù. Ó ní ọ̀rọ̀ Màmá kò yé àwọn tó ń wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò ní yé pé tọkọtaya ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́, ọ̀kan pẹ̀lú òòlù. Òun ló ní kí n fi ṣe ọkàn iṣẹ́ náà. Mo bá mú kí kọ̀mpútà máa padà sí i ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan. Mo wá ronú nípa yín. Mo ní kí adití náà lè wọ yàrá yìí kó má jáde lófìfo. Mo to ẹ̀rọ kéékèèké méjìlá sábẹ́ pákó ilẹ̀, kí ilẹ̀ máa mì bí Màmá bá ti ń lu tábìlì. Àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, mo rí àgbàlagbà ọkùnrin kan tó dùbúlẹ̀ gbalaja, tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀, omi ń dà lójú ẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é, Bàbá.

Ilé ìpàtẹ ti gbà á, ó ti di tiwọn. Wọ́n á gbé e lọ sí ìlú mẹ́ta lọ́dún yìí. Ọ̀gá ní bí ẹ̀rọ òde òní bá di àlòpatì, wọ́n á máa gbé iṣẹ́ náà sínú ẹ̀rọ tuntun. Ó ní ohùn Màmá á wà láyé fún ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹ kọ̀wé kíákíá, kí ẹ sọ fún mi pé inú yín dùn.

Ọmọ yín,
Alátẹnumọ́


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́. Ara yín dá? Oṣù méjì rèé, mi ò rí lẹ́tà. Mo ní bóyá ó sọnù lọ́nà, ni mo ṣe tún ń kọ òmíràn. Àwọn ìwé ìròyìn kọ̀wé nípa iṣẹ́ wa, mo gé e fún yín, ó wà nínú àpò ìwé yìí. Ẹ wò ó, àwòrán ilẹ̀ yàrá náà nìyẹn àti ẹsẹ̀ àwọn èèyàn lórí ẹ̀.

Tí orúnkún yín bá le tí ẹ ò lè rìn dé ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ fún ẹnikẹ́ni kó bá yín mú lẹ́tà lọ. Ìlà kan péré ti tó.

Alátẹnumọ́


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Bàbá,

Mo pe àbúrò Màmá lórí fóònù. Wọ́n ní ẹ wà, ẹ̀ ń jáde, ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ara yín le. Ẹ̀yin kàn ni ẹ ò fẹ́ kọ̀wé sí mi.

Kí ni mo ṣe? Ẹ ní kí n sọ òótọ́, mo sọ òótọ́. Ẹ bi mí bóyá ó pè yín, mo ní kò pè yín. Mo rò pé ẹrù ọdún mẹ́fà ni mo sọ̀ kalẹ̀ fún yín. Ìgbà tí mo ń fọ ojú ẹ̀rọ, ẹ̀ ń kọ̀wé. Ìgbà tí orúkọ mi wá jáde, ẹ dákẹ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń bínú nítorí mi ò wá síbi ìsìnkú, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́. Ẹ mọ̀ pé wọn ò fún mi ní ìwé ìrìnnà nígbà náà. Mo ti bẹ̀bẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn títí.

Ẹ má dákẹ́ sí mi. Mo lè gba èébú. Dídákẹ́ yìí ni mi ò lè gbà.

Alátẹnumọ́


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò ṣàìsàn. Ọwọ́ mi ni kò gbà láti kọ ọ́. Lónìí mo fi ara mi jókòó.

Nígbà tí o lọ, etí mi ọ̀tún ṣì ń gbọ́ díẹ̀, tí èèyàn bá pariwo pè mí, màá dáhùn. Kò pẹ́ tí o lọ ló parí. Ìyá rẹ ló wá dá ọgbọ́n sí i. Tábìlì iṣẹ́ wa, pákó gígùn kan ṣoṣo ni, èmi níparí kan, òun níparí kejì. Bó bá fẹ́ kí n yíjú, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì lẹ́ẹ̀mejì. Á gba ara pákó wá, á bá mi ní ìgbọ̀nwọ́. Màá yíjú. Oníbàárà dé, pẹ́pẹ́. Oúnjẹ délẹ̀, pẹ́pẹ́. Òjò ń bọ̀, aṣọ wà níta, pẹ́pẹ́. Ọdún mẹ́jọ la fi ṣe é. Kò tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà pè mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi àwa méjèèjì, torí kò sí ìdí tí a fi máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ náà mò ń lu irin lórí pákó kan náà. Ìgbọ̀nwọ́ mi ń gbọ̀n nítorí òòlù tèmi. Mi ò lè mọ ti òun yàtọ̀.

Dókítà kò purọ́. Ó ní ẹnu ò lè pè. Kò sẹ́ni tó bi í nípa ọwọ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin, o ní. Mo gbé aago síwájú, mo jókòó, mo wo ìṣẹ́jú mẹ́rin títí tó fi pé. Ó gùn. Èèyàn lè ṣe ohun púpọ̀ láàárín ẹ̀. Èèyàn lè dá òòlù dúró láti nu òógùn ojú. Mo ti ń gbìyànjú láti rántí bóyá mo dúró lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, ìwọ lo ní i nínú ẹ̀rọ. Má sọ ọ́ fún mi.

Mi ò bínú pé o ò mọ ohun tí ọwọ́ náà ń sọ. Kò sí bí o ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ń bínú sí ni pé o mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ikú ìyá rẹ ni. O gbé e síbẹ̀, o kọ àwọn àwàdà ìyá rẹ fún mi kí n lè fọwọ́ sí ìwé. Mo sì fọwọ́ sí i. Àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà, wọ́n ń dúró sórí ibi tó ti ń pè mí.

Pa á. Sọ fún wọn kí wọ́n pa á.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kí yín. Mo dọ̀bálẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀ ni, mi ò mọ̀.

Òótọ́ ni ẹ sọ. Mo mọ̀ pé kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo wà nínú yàrá tí mo háyà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìgbà tó ka mọ́kàndínlógún tó dákẹ́, mo mọ ohun tí mò ń gbọ́. Ọdún mẹ́fà ni mo dá nìkan gbọ́ ọ. Mi ò lè sọ fún yín, mi ò sì lè jù ú nù. Mo sọ fún ara mi pé tí mo bá sọ ọ́ di iṣẹ́ ọnà, àwọn ẹlòmíràn á máa bá mi gbọ́ ọ. Ọwọ́ tó ń lu tábìlì yẹn, mo ní láti wá orúkọ fún un, mo bá pè é ní eré. Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ nǹkan mìíràn.

Mo lọ bá ọ̀gá lọ́jọ́ tí lẹ́tà yín dé. Mo sọ fún un kó pa á. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ilé ìpàtẹ ló ni ín báyìí, ẹ̀dà ẹ̀ wà níbi mẹ́ta, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé kò sí ẹni tó lè yí i padà tàbí pa á rẹ́, èmi tí mo ṣe é pàápàá. Wọ́n ṣe òfin náà láti fi dáàbò bo iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó lè bà á jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ìdí fún un, mo sọ ọ̀rọ̀ tábìlì fún un. Kò yẹ kí n sọ ọ́. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó mú bírò. Ó fẹ́ kọ ọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kí àwọn èèyàn mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní ọ̀nà kan ṣoṣo wà. Wọ́n lè fi nǹkan kún un tí ẹbí bá fẹ́. Ó ní tí ẹ bá lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún Màmá sínú ẹ̀rọ, kódà kó jẹ́ ìlà kan, wọ́n á fi sí òpin ìṣẹ́jú mẹ́rin náà, kí ó lè jẹ́ pé ẹ dá a lóhùn. Inú ẹ̀ dùn sí i gan-an. Mi ò tíì gbà fún un. Mò ń sọ ọ́ fún yín nítorí mo ti búra pé mi ò ní fi nǹkankan pamọ́ fún yín mọ́.

Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló ń tan ẹ̀rọ náà láràárọ̀ báyìí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹwàá

Alátẹnumọ́,

Lẹ́tà rẹ dé.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé mi ò ní sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ kankan. Kó má sì kọ ọ̀rọ̀ tábìlì sára ògiri. Ìyẹn nìkan ni wọn ò tíì gbà lọ́wọ́ wa. Tó bá ti kọ ọ́, bẹ̀ ẹ́ kó nù ún. Tí kò bá nù ún, mi ò lè ṣe nǹkankan sí i, mo mọ̀, mo ti fọwọ́ sí ìwé.

Ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìyá rẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pè mí, ó rẹ̀ ẹ́, ó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin wá ń mú un bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ìdajì wákàtí. Èmi kọ́ ni mo ṣe ìyẹn sí i.

Mo lọ jókòó níparí tábìlì níbi tó máa ń jókòó. Mi ò jókòó síbẹ̀ rí láti ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn mi ló máa ń rí láti ibẹ̀, àga mi àti ògiri. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un. Ó pẹ́ díẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ohùn mi jáde. Kò sí rẹ́kọ́dà nítòsí, mo ti kó gbogbo wọn padà fún àwọn oníbàárà, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ẹni tí mo sọ ọ́ fún kì í ṣe ìwọ, kì í sì í ṣe àwọn tó ń bọ́ bàtà. Má bi mí ohun tí mo sọ.

O bi mí kí ni kí o ṣe. Mi ò mọ̀. Mi ò lè kọ ọ́ síbí pé mo ti dárí jì ẹ́, nítorí tí mo bá kọ ọ́, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni mo ní, o sì ti fi ọdún mẹ́fà dá nìkan gbọ́ nǹkan yẹn nínú yàrá, láìsí ẹni tó jókòó tì ẹ́. Mo ro ìyẹn náà.

Tí o bá lè rí ìwé ìrìnnà, máa bọ̀ wálé. Má gbé ẹ̀rọ kankan dání. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà, tí o bá mi tí mo kẹ̀yìn síta, má fọwọ́ lu nǹkankan láti pè mí. Rìn yí wá, dúró níwájú mi, kí n rí ojú ẹ.

Bàbá rẹ